Ìrìn-Àjò Ọ̀dọ́mọkùnrin Ọmọ-Ogun Kan Dé Ilẹ̀ Bọ́mà

Àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ ológun rí a máa rò pé ìjà ni ọmọ-ogun ń jà ní ojoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó fi ń dúró pọ̀ ju ọjọ́ tí ó fi ń jà lọ. Yóò dúró de ọkọ̀ ojú omi, yóò dúró de rélùwéè, yóò sì dúró de àṣẹ tí yóò gbé e kúrò ní ibùdó kan lọ sí òmíràn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú ọ̀dọ́ máa ń là sí ohun tí ó wà láyé. Àwọn baba wa ní àìrìn-jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó rìn jìnnà bẹ́ẹ̀ ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16 péré, ó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn bí iṣẹ́; ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Wọ́n fi í sí ibùdó ìwòsàn tí ń tẹ̀lé ogun kiri, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ọmọ Sàró ti jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ibùdó ìwòsàn yìí wà lábẹ́ ẹgbẹ́-ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, tí a dá sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1943. Alántakùn dúdú lórí aṣọ àwọ̀ ìyeyè ni àmì tí wọ́n ń rán mọ́ èjìká. Alántakùn ọlọgbọ́n-ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ àwọn ará Góòlù Kóòsì, tí í ṣe Gánà lónìí, ni. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni a ní kí ó yan àmì náà, kò sí àní-àní pé Ìjàpá ni à bá rí níbẹ̀.

Ní ọdún 1943 ni ẹgbẹ́-ogun yìí wọ ọkọ̀ lọ sí Íńdíà. Ọ̀pọ̀ ọmọ inú ọkọ̀ náà ni kò rí òkun rí kí ó tó di ọmọ-ogun. Àwọn ọkọ̀ kì í dá nìkan lọ. Ńṣe ni wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn, tí ọkọ̀ ogun ń ṣọ́ wọn, nítorí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná níta, ìbáà ṣe ti ìṣáná.

Bombay ni wọ́n ti gúnlẹ̀. Láti ibẹ̀ wọ́n kó wọn lọ sí àwọn ibùdó tí ó wà ní agbègbè Nasik láti kọ́ṣẹ́ sí i. Níhìn-ín ni àwọn ọ̀dọ́ ti rí àyè wo ayé yíká. Ìyàlẹ́nu ni ó jẹ́ fún ọmọ Yorùbá láti rí màlúù tí ń rìn gbéregbère láàrin ọjà, tí ẹnikẹ́ni kò lé e, tí ẹnikẹ́ni kò sì ronú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó ṣàjèjì. Àwọn ará ibẹ̀ a máa jẹ ewé kan pẹ̀lú èso líle kan, tí í sọ ẹnu wọn di pupa, wọn a sì fi í ṣe àlejò gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi obì ṣe é. Àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí wọ mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì bá àdúrà kan náà pàdé ní èdè Lárúbáwá tí wọ́n fi ń kírun nílé. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ìlú náà dá sálámà, wọ́n sì dá a lóhùn.

Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ sí ojú ogun, wọ́n wọ rélùwéè la Íńdíà já dé Calcutta. Ohun tí àwọn kan rí níhìn-ín kò ṣeé gbàgbé. Ìyàn ńlá mú ní Bẹ̀ǹgálì ní ọdún 1943, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì ka àwọn tí ó kú sí nǹkan bí 3,000,000. Àwọn ènìyàn tí ó kù egungun àti awọ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí ìyá ń na ọwọ́ sí ẹni tí ń kọjá, pẹ̀lú ọmọ ní àyà. A ti sọ fún ọmọ Áfríkà pé ìjọba tí ó ń jà fún ni ó lágbára jù láyé. Ó wá fojú ara rẹ̀ rí àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba kan náà tí ebi ń pa kú. Àwọn tí ó padà wálé nínú wọn kò fi ojú àtijọ́ wo òyìnbó mọ́.

Láti Chittagong ni wọ́n ti kọjú sí àwọn òkè Bọ́mà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Nítorí náà àwọn ọmọ-ogun fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà máìlì 75 gba orí òkè dé àfonífojì odò Kaladan, ó sì parí ní oṣù kìíní ọdún 1944. Ẹrù mìíràn, orí ni wọ́n fi rù ú. Oúnjẹ àti ọta ìbọn ń ti ojú ọ̀run já bọ́ láti inú ọkọ̀ òfuurufú.

Lórí odò yìí ni ìwòran parí fún Fadoyebo. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáànì tí wọ́n fara pamọ́ yìnbọn sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọta ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni ó ṣẹ́kù sínú igbó. Wọ́n fi yé àwọn ará abúlé pé Mùsùlùmí ni àwọn, bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kristi ni Fadoyebo ti jáde. Àgbẹ̀ kan tí í ṣe Mùsùlùmí, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀, bọ́ wọn, ó sì gbé wọn pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀. Bí àwọn ará Jàpáànì bá rí wọn níbẹ̀, tilé-tọmọ ni ìyà yóò jẹ. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, títí àwọn ọmọ-ogun Gúrúkà fi dé ní oṣù kejìlá.

Fadoyebo padà sí Nàìjíríà, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tí ó jáde ní ọdún 1999. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gba lẹ́tà ọpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá abúlé náà lọ. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì mọ ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú méjì tí baba wọn gbé pamọ́. Phillips padà wá jíṣẹ́ fún arúgbó náà kí ó tó papòdà ní ọdún 2012.