KÍ Á TÓ DÁ AJÍLẸ̀ LẸ́BI, Ẹ JẸ́ KÍ Á WO GBÒǸGBÒ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, méjì nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa yá iye owó kan náà láti fi gbin àgbàdo lójú ọ̀nà tó lọ láti Òmù-Àrán sí Ẹ̀sìẹ́. Irúgbìn kan náà ni wọ́n gbìn. Àpò ajílẹ̀ òyìnbó tí wọ́n rà dọ́gba, ọwọ́ ẹnì kan náà ni wọ́n sì ti rà á. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe ládùúgbò wa, àgbàdo ẹnì kan dúró digbí. Ti ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé rẹ̀ bí ẹni ká ẹní, láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré. Ìjì kan fẹ́ lẹ́yìn náà, ìlàjì oko náà dojú bolẹ̀. Nígbà ìkórè, owó tó wọlé kò tó san gbèsè ẹgbẹ́, ọkàn àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún un kò sì balẹ̀ mọ́.

Kí ni a kò sọ tán! Àwọn kan ní ajílẹ̀ náà kì í ṣe ojúlówó, wọ́n fẹ́ lọ bá ẹni tó tà á jà. Àwọn mìíràn ní ọlẹ ni olóko. A kò ní parọ́ fún yín, àwa ìgbìmọ̀ pàápàá wà lára àwọn tó ń rò ó bẹ́ẹ̀. Àgbà kan láàárín wa ló bi wá pé, "Ẹ̀ ń wo òkè ṣáá. Ta ló ti wo ìsàlẹ̀?" Bí a ṣe gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì nìyẹn, ó di oko.

Nínú oko tó ṣe dáadáa, a gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Gbòǹgbò àgbàdo náà gba ibẹ̀ kọjá, ó ń lọ sísàlẹ̀. Nínú oko kejì, ọkọ́ kò tíì jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ tó fi dún "kọ̀!" bí ẹni pé ó kan òkúta. Kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe yangí. Ilẹ̀ náà ló ki bí ìpàkà. Gbogbo gbòǹgbò tó dé ibẹ̀ ló ṣẹ́rí, ó sì tẹ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí omi tó dà sórí símẹ́ǹtì. Ohun tó dùn wá jù ni pé nígbà tí a fọ́ ibi líle náà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Omi ń bẹ nísàlẹ̀, àgbàdo ń kú fún òǹgbẹ lókè!

A bi olóko náà. Ó ní láti ọdún márùn-ún ni katakata ti ń kọ ilẹ̀ náà fún òun, ìjìnlẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Nígbà mìíràn ilẹ̀ tutù rẹ́kẹrẹ̀kẹ, ṣùgbọ́n bó bá ti kan òun lórí ìlà, àfi kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá sún un síwájú, ó di ẹ̀yìn ogún èèyàn.

ÀLÀFO INÚ ILẸ̀

Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá bu erùpẹ̀ ilẹ̀ rere kún garawa yóò rò pé erùpẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Rárá o. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni erùpẹ̀ gan-an. Ìdajì yòókù, àlàfo ni. Nínú àlàfo ńlá, omi òjò ń gbà kọjá, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Nínú àlàfo kéékèèké, omi ń dúró de gbòǹgbò.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń ta gaàrí mọ èyí dáadáa. Kọ́ńgò kan náà ni, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá fi ọwọ́ tẹ gaàrí inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò tún gbà sí i. Gaàrí kò dín kù, àlàfo àárín rẹ̀ ló lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni táyà katakata ṣe ń tẹ ilẹ̀, pàápàá bí ilẹ̀ bá tutù. Irin tí ń túlẹ̀ ń tú òkè, ó sì ń fún ìsàlẹ̀ ibi tó dé mọ́ra. Bí ó bá ń dé ibì kan náà lọ́dọọdún, ilẹ̀ ibẹ̀ yóò di pèpéle sábẹ́ oko.

Gbòǹgbò kì í ṣe ọ̀lẹ o. Orí rẹ̀ ní fìlà tó ń dáàbò bò ó, ó sì ń tú omi tó ń yọ̀ bí ilá jáde kí ó lè rí ọ̀nà gbà. Agbára tí àwọn gbòǹgbò kan fi ń ti erùpẹ̀ lè tó ìlọ́po mẹ́rin agbára afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò kékeré. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ló ní ìwọ̀n. Bí ilẹ̀ bá le jù, gbòǹgbò yóò wú, yóò kúrú, yóò sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbòǹgbò tún ń mí bíi tiwa. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi kò ráyè gba ibi líle kọjá, gbogbo àlàfo yóò kún fún omi, gbòǹgbò kò sì ní rí afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí oko kan náà fi lè rì sómi lóṣù keje, kí ó sì gbẹ lóṣù kẹjọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìwé ìfowópamọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ilẹ̀ tó ní yanrìn díẹ̀ bíi tiwa lè tọ́jú nǹkan bí mìlímítà kan omi tí gbòǹgbò lè fà, nínú sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan tó jìn sílẹ̀. Àgbàdo tó ti dàgbà ń mu nǹkan bíi mìlímítà 5 lóòjọ́. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá dúró ní sẹ̀ǹtímítà 20, mìlímítà 20 ni gbogbo ohun tó ní nínú ìwé. Ọjọ́ 4 ló máa ná an tán. Bí gbòǹgbò bá dé sẹ̀ǹtímítà 60, ó lè fara dà á tó ọjọ́ 12. Bẹ́ẹ̀ ni ajílẹ̀ náà rí: èyí tí òjò bá ti wọ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò dé, owó tó bọ́ sódò ni.

IṢU LỌ́JÀ Ń SỌ̀RỌ̀

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ̀yin tí ń ra iṣu lóko, ṣé ẹ ti rí iṣu tó la ẹsẹ̀ bíi ṣòkòtò, tàbí èyí tó rọ́, tó sì pẹ̀ nídìí? Owó rẹ̀ kì í tó ti iṣu tó gùn gbọọrọ. Bí kì í bá ṣe pé òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ìdí ilẹ̀ ti le. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ ebè ńlá. Ara ebè rọ̀, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tí iṣu fi ń jẹun sì sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 òkè. Ẹni tó bá kọ ebè bíńtín sórí ilẹ̀ líle, iṣu bíńtín ni yóò wà.

GBÒǸGBÒ TÚN Ń TÚN ILẸ̀ ṢE

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí nìyí: ilẹ̀ ń ṣe gbòǹgbò, gbòǹgbò náà sì ń ṣe ilẹ̀. Omi tó ń yọ̀ lára rẹ̀ àti irun wẹ́wẹ́ rẹ̀ ń so erùpẹ̀ pọ̀ ní hóró hóró, kí àgbàrá má lè tètè gbé e lọ. Bí gbòǹgbò bá kú tó sì jẹrà, ihò rẹ̀ yóò ṣẹ́kù. Òjò yóò gba ibẹ̀ wọlé, ekòló yóò gba ibẹ̀, gbòǹgbò ọdún tó ń bọ̀ yóò sì gba ọ̀nà tí ti àná ti là sílẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ di igbó ń ṣe nìyẹn. Eèsún àti ewé tí àwọn kan ń pè ní Awólọ́wọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Akíntọ́lá, iṣẹ́ ni wọ́n ń bá wa ṣe lábẹ́ ilẹ̀ nígbà tí a rò pé ilẹ̀ ń sùn.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ èyí wò nítòsí wa. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 15 láàárín àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ó rí i pé ibi tí katakata ńlá ti hú igbó, àgbàrá ń gbé ilẹ̀ lọ ju ibi tí wọ́n ti fi àdá ṣán an lọ. Ó rí i pé ooru ojú ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò lè kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gbòǹgbò àgbàdo kékeré kò sì fẹ́ irú rẹ̀. Ó tún rí i pé bí a bá fi koríko gbígbẹ tó tọ́ọ̀nù 4 sí 6 bo hẹ́kítà kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àgbàrá ń rí gbé lọ. Ní 2020, wọ́n fún un ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Nílé wa níhìn-ín náà, ní Yunifásítì Landmark tó bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán ní 2011, àwọn olùkọ́ ti fi ìwádìí hàn pé ìgbẹ́ adìẹ ń mú kí ilẹ̀ rọ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

A kò sọ pé katakata burú o. Iṣẹ́ ogún ọkùnrin ló ń ṣe lóòjọ́. Bí a ṣe ń lò ó ni kí á yẹ̀ wò.

Èkíní, bí òjò bá rọ̀ dáadáa tí ó sì pé ọjọ́ méjì, ẹ fi irin gbọọrọ kan gún ilẹ̀ oko yín níbi mẹ́wàá. Bí ó bá ń le lójijì níbi ìjìnlẹ̀ kan náà, ẹ gbẹ́ ihò kí ẹ wo gbòǹgbò.

Èkejì, kí katakata tó wọlé, ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀ láti inú ilẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Bí ó bá gùn bí okùn láìjá, ilẹ̀ ti tutù jù. Ẹ ní sùúrù.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fa kùkù àgbàdo tu, ẹ má sì sun ún. Ẹ gé e, kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà sínú ilẹ̀, kí ẹ fi pòròpórò bo ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ibi tó bá ti le, ẹ gbin òtílí. Gbòǹgbò rẹ̀ lè jìn ju mítà kan lọ, ó sì ń wá ọ̀nà gba ibi tí ti àgbàdo kò lè gbà. Ẹ tún jẹ òtílí náà, ẹ tà á. Àgunmániyè tí a fi ṣe ọ̀pá iṣu náà dára, ewé rẹ̀ sì ṣeé bo ebè.

Ní ti ọmọ ẹgbẹ́ wa yẹn, ìgbìmọ̀ ti sún àkókò ìsanwó rẹ̀ síwájú, a sì ti bẹ ẹni tó ta ajílẹ̀ pé kó má bínú. Olóko náà ti gbin òtílí sí ìdajì oko ọ̀hún. A kò ṣèlérí pé ọdún kan ni yóò fi tú ohun tí ọdún márùn-ún dì.

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó katakata, ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ bá a gbẹ́ ihò kan lóko rẹ̀. Ẹ má ṣe kà á sí ìfìtínà. Alájẹṣẹ́kù ni wá. Ó yẹ kí ilẹ̀ tí ń bọ́ wa rí èyí tó ṣẹ́kù fún un. Irin náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá gbà á kí ìlà katakata tó bẹ̀rẹ̀.