Eré Tí Àwọn Kan Kò Lè Wò Tán

Ẹ má bínú pé n kò sọ̀rọ̀ ibà tàbí inú rírun lọ́sẹ̀ yìí. Eré orí ìtàgé kan ni mo mú wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlera náà ni.

Ará Ireland kan, Samuel Beckett, ni ó kọ Waiting for Godot, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Paris ní 1953. Ọkùnrin méjì wà nídìí igi kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń retí ẹni tí kò dé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn níbẹ̀. Nígbà tí eré náà dé Miami ní Amẹ́ríkà ní 1956, wọ́n ti polówó rẹ̀ pé eré ẹ̀rín ni. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ló dìde lọ sílé kí ó tó parí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, wọ́n ṣe é fún nǹkan bí 1,400 ẹlẹ́wọ̀n ní San Quentin, California. Àyà àwọn òṣèré ń já. Àṣé àwọn ẹlẹ́wọ̀n yóò jókòó jẹ́ẹ́ wò ó dé òpin! Ẹlẹ́wọ̀n gbére kan, Rick Cluchey, tí wọn kò jẹ́ kí ó jáde, gbọ́ ọ láti inú yàrá rẹ̀ nípasẹ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òun náà di òṣèré nígbẹ̀yìn, Beckett fúnra rẹ̀ sì darí rẹ̀ nínú eré. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ìdáwà fún irú wọn?

Mo bi ara mi pé láàárín èrò wo ni èmi ì bá wà. Àbúrò bàbá mi kan, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ń gbé nítòsí mi. Ìtàn kan náà ni ó máa ń sọ, ti lọ́rì tí ó wà nígbà èwe rẹ̀. Bó bá ti dé ibi tí táyà bẹ́, èmi ti ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà mi nìyẹn.

Ẹ má fojú kékeré wo ìdáwà o. Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn kan nínú mẹ́fà ni ó ń bá jà, àti pé ó lọ́wọ́ nínú ikú nǹkan bí 871,000 ènìyàn lọ́dọọdún. Ó máa ń dá kún àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àtọ̀gbẹ. Ilé sì lè kún fọ́fọ́ kí ẹnì kan nínú rẹ̀ má rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa lọ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹ bá a jẹun, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Bí kò bá jẹun mọ́, tí kò sùn, tàbí tí ó ń wí pé ayé sú òun, ẹ mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jókòó títí táyà náà fi bẹ́, tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀, tí lọ́rì sì wọ Jẹ́bà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ rí pé inú lọ́rì yẹn ni ó ti pàdé ìyàwó rẹ̀.