Ògùnpa àti Gọ́tà Ẹnu Ilé Wa



Àwọn àgbà inú wa kò lè gbàgbé ọjọ́ Ìsinmi, 31 Oṣù Kẹjọ 1980. Òjò ńlá rọ̀ n'Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, ẹ̀mí tó bá a lọ sì lé ní 100. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún dé, ẹ̀mí tún ṣòfò, afárá sì wó káàkiri ìlú.

Kí ló fà á? Òjò nìkan kọ́. Òkè pọ̀ n'Ìbàdàn, kíá ni àgbàrá ń sáré bọ́ sí àfonífojì. Láyé àtijọ́ ilẹ̀ a máa fa omi mu. Nísinsìnyí, páànù, sìmẹ́ńtì àti ọ̀dà títì ti bo ilẹ̀. Gọ́tà ló kù. Bí ọ̀rá àti pàǹtí bá dí gọ́tà ńkọ́? Inú ilé wa ni omi ó gbà. Yóò gbé ẹ̀gbin ṣáláńgá wọ kànga, onígbáméjì a sì tẹ̀ lé e.

Ìjọba ṣe tirẹ̀. Wọ́n la ojú odò Ògùnpa, wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí i láti yá Nàìjíríà ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé n'Ìbàdàn: afárá, ojú àgbàrá, àti ètò ìkìlọ̀ fún ará ìlú. Owó yíyá ni o! Àwa alájẹṣẹ́kù mọ ohun tí gbèsè ń jẹ́. Bí a bá da pàǹtí sójú àgbàrá tuntun, a óò san gbèsè tán, omi yóò sì tún gbé wa lọ.

Kí ni ká ṣe? Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan kó gọ́tà rẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹ má fi yẹ̀pẹ̀ tí ẹ kó jáde sílẹ̀ létí gọ́tà. Òjò kan ṣoṣo ni yóò dá a padà. Iṣẹ́ tó bá ju agbára yín lọ, kí àwọn lánlọ́ọ̀dù kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ yáwó kọ́lé, kó kọ́kọ́ wo ibi tí odò ń gbà lásìkò òjò, kó sì gba ìwé àṣẹ kó tó fi búlọ́ọ̀kù lélẹ̀. Ilé lè bá omi lọ. Gbèsè kì í bá a lọ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ire o.