Bí Okùn Orúnkún Bá Já

Ní ìgbà òjò, ọ̀nà oko a máa yọ̀. Àgbẹ̀ ru iṣu bọ̀ wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rì sínú poro, ara rẹ̀ àti ẹrù orí rẹ̀ sì yí sí ìhà kejì. Ó gbọ́ ìró kan nínú orúnkún rẹ̀, bí ìgbà tí okùn líle bá já, ó sì ṣubú lulẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, orúnkún náà ti wú. Nígbà náà ni ìmọ̀ràn a máa pọ̀. Ọ̀kan a ní kí a fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Èkejì a ní kí a fà á kí a sì dì í mọ́ igi. Ẹ̀kẹta a ní àfi iṣẹ́ abẹ. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ kò gbọdọ̀ gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí láìmọ ohun tí ó já, àti ohun tí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan lè ṣe.

Orúnkún ni oríkèé tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun. Àwọn egungun méjèèjì kò wọ inú ara wọn bí ọmọ odó ti í wọ inú odó. Ọ̀kan kàn gùn lé èkejì ni. Okùn líle mẹ́rin ni ó dì wọ́n mú. Ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òde. Méjì yòókù wà ní àárín oríkèé, wọ́n sì kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú. Okùn àárín ti iwájú kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ síwájú. Ti ẹ̀yìn kì í jẹ́ kí ó yọ sẹ́yìn. Láàárín egungun méjèèjì ni ohun rírọ̀ méjì wà bí tìmùtìmù, tí ń gba ìwúwo ara dúró.

Ohun tí a óò kọ́kọ́ ṣe

Kí a kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Bí ó bá tutù ju èkejì lọ, tí kò mọ ìfọwọ́kàn, tí àwọn ọmọ ìka kò lè gbéra, tàbí tí orúnkún ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ ti padà bọ̀ sí ipò fúnra rẹ̀, kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá. Bí okùn púpọ̀ bá já lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan yìí lè já pẹ̀lú wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì padà dé ìsàlẹ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí 6 sí 8, ó ṣeé ṣe kí a pàdánù ẹsẹ̀ náà.

Bí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀, kí aláìsàn sinmi, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ lé orí ìrọ̀rí. Kí a fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù, tàbí yìnyín tí a fi aṣọ wé, lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. A lè fi báńdéèjì wé e, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fún jù. Ní ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, kí a má ṣe fi omi gbígbóná sí i, kí a má ṣe wọ́ ọ, kí a má sì fà á. Ẹ̀jẹ̀ ni ó sábà máa ń kún inú orúnkún tí ó tètè wú bẹ́ẹ̀, ooru àti wíwọ́ a sì máa mú un pọ̀ sí i. Dídì í mọ́ igi pinpin léwu ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹsẹ̀ ń wú, igi kò gbòòrò, ẹ̀jẹ̀ kò sì rí ọ̀nà gbà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí kò yẹ kí a gé ni a ti gé nítorí igi tí a dì le jù.

Èwo ni ó já?

Lẹ́yìn èyí, kí aláìsàn lọ bá dókítà. Àwòrán X-ray yóò fi hàn bí egungun bá fọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi okùn hàn. Ọwọ́ dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sábà máa ń mọ okùn tí ó já. Ẹ̀rọ MRI sì lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbi tí ó bá wà.

Okùn ẹ̀gbẹ́ inú a máa so padà fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù 3, bí a bá fi ohun ìdábòbò ká orúnkún kí ó má baà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Okùn àárín ti ẹ̀yìn, bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó já, kì í sábà nílò iṣẹ́ abẹ. Bí ti ẹ̀gbẹ́ òde bá já pátápátá, kí a má ṣe fi falẹ̀, nítorí òmíràn sábà máa ń já pẹ̀lú rẹ̀, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì dára jù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́.

Okùn àárín ti iwájú ni ó ń fa àríyànjiyàn. Bí ó bá já tán, kì í sábà so padà dáadáa. Ọ̀nà méjì ni ó wà fún un.

Ọ̀nà kìíní ni ìdárayá. Iṣan itan lágbára láti dì orúnkún mú ní apá kan iṣẹ́ okùn tí ó já, bí a bá kọ́ ọ. Aláìsàn a kọ́kọ́ máa na orúnkún títí yóò fi tọ́. A máa fún iṣan itan pọ̀, a sì máa gbé ẹsẹ̀ nínà sókè. Bí agbára bá ń dé, a máa dìde lórí àpótí láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, a sì máa dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Kí ó ṣe é fún oṣù 3 ó kéré tán, lábẹ́ ìtọ́ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1895, ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, A. W. Mayo Robson rán okùn àárín méjèèjì fún awakùsà ẹni ọdún 41 kan, ọkùnrin náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìrírí àwọn tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé okùn tí a rán a sábà tún já. Ní ọdún 1917, Ernest Hey Groves ti ìlú Bristol kọ̀wé nípa ọ̀nà mìíràn: ó gé awẹ́ kan lára awọ líle tí ó bo iṣan itan, ó sì fi í rọ́pò okùn tí ó já. Irú ọ̀nà yìí ni a ń tọ̀ lónìí. A ń mú iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹ̀yìn itan tàbí iwájú orúnkún, a sì ń fà á gba ihò tí a lu sínú egungun méjèèjì. Ó ń gba nǹkan bí oṣù 9 sí 12 kí iṣẹ́ líle tó yẹ ẹni tí a ṣe é fún. Oríkèé lè kẹ̀ tàbí kí ó le, okùn tuntun náà sì lè já. Kí a má ṣe é kí orúnkún tó rọlẹ̀, kí ó sì tó lè nà dáadáa.

Èwo ni kí a yàn?

Ní ilẹ̀ Sweden, a pín ọ̀dọ́ 121 tí okùn iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí ọ̀nà méjèèjì. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Lẹ́yìn ọdún 2, orúnkún àwọn tí a tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò sàn ju ti àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdárayá lọ. Nínú àwọn 59 tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdárayá, 36 kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di ọdún 5, nǹkan bí ìdajì wọn ti ṣe é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn ọdún 2022 lórí ènìyàn 316 tí orúnkún wọn ti ń yẹ̀ tipẹ́ fi hàn pé iṣẹ́ abẹ ṣe wọ́n lóore ju ìdárayá lọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ ni èyí: ǹjẹ́ orúnkún náà ń yẹ̀? Bí okùn ṣẹ̀ṣẹ̀ já, tí kò sí ìpalára mìíràn, kí a fi ìdárayá bẹ̀rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá lè rìn, kí ó ru ẹrù, kí ó sì kọ ebè láìyẹ̀, kò sí ìdí láti náwó lórí iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ìdárayá tọkàntọkàn tí orúnkún ṣì ń yẹ̀, tàbí bí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ gígun ọ̀pẹ, níbi tí ìyẹ̀ kan ṣoṣo lè pa ènìyàn, kí ó bá oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀. Orúnkún tí a fi sílẹ̀ láti máa yẹ̀ léraléra ń fa tìmùtìmù inú rẹ̀ ya, ohun tí ó ti inú èyí wá sì le ju ti ìṣáájú lọ.

Kí ẹni tí ó yan iṣẹ́ abẹ má ṣe rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìdárayá, nítorí láìsí i okùn tuntun kò wúlò púpọ̀. Kò sì sí ọ̀nà kan nínú méjèèjì tí ó lè dá orúnkún padà bí ó ti wà, tàbí tí ó lè ṣèlérí pé oríkèé kò ní máa dun ni ní ọjọ́ ogbó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Oko lè dúró de olóko fún oṣù mélòó kan, kí ẹbí àti ará bá a ro ó. Ẹsẹ̀ tí a bá fi ìkánjú sọnù kò ní padà wá.