Bí Òde Báńdì Ṣe Ń Padà Bọ̀ l'Ékòó

Báńdì kò wọ́n l'Ékòó. Lọ́jọ́ Sátidé èyíkéyìí, ẹ ó gbọ́ gángan àti gìtá lábẹ́ kánópì lọ́tùn-ún lósì. Ohun tó wọ́n ni ibi tí ẹni tí wọn kò pè síbi ìyàwó tàbí ìnáwó òkú àgbà lè yà sí: kó sanwó lẹ́nu ọ̀nà, kó jókòó, kó gbọ́ báńdì títí wọn ó fi palẹ̀ mọ́, kó sì gba ilé lọ. Irú ibẹ̀ pọ̀ nígbà kan. Àwọn agbátẹrù eré, àwọn tí à ń pè ní pùròmótà, ló ń sáré kiri kí ó tún lè pọ̀. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ orin ni iṣẹ́ wọn kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ owó ni, àti iṣẹ́ àsìkò.

Láyé háílàìfù, ọ̀gá báńdì fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ni ilé àríyá. Bobby Benson ní Caban Bamboo lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Victor Ọláìyá, tó dolóògbé lọ́dún 2020, ní Stadium Hotel ní Súrúlérè. Nígbà tí jùjú gbòde, Ebenezer Obey ní Miliki Spot, Sunny Adé ní Ariya ní Yábàá, Fẹlá sì ní Shrine tirẹ̀.  Ètò náà kò lọ́jú pọ̀: owó ẹnu ọ̀nà àti owó ọtí ń bọ́ sápò kan náà, inú àpò yẹn náà ni wọ́n ti ń sanwó àwọn ọmọ báńdì. Bí géètì kò bá pé, ọtí á dí i. Kò sí pé ẹnì kan ń jẹ èrè ọtí, kí ẹlòmíì máa jẹ gbèsè olórin.

Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 kó ọ̀pọ̀ olórin háílàìfù tó jẹ́ ọmọ Ìlà Oòrùn kúrò l'Ékòó. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn adigunjalè kò jẹ́ kó wu èèyàn láti rìn lóru mọ́, iná ìjọba ń ṣe ségesège, DJ kan ṣoṣo sì dínwó ju ọmọ báńdì mẹ́wàá lọ. Àwọn ọ̀gá báńdì kò kúkú jókòó ti ilé àríyá tó ṣófo. Wọ́n tẹ̀ lé owó lọ sóde ówàḿbẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà pùròmótà òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Lóde ówàḿbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ orin kì í sanwó kó tó wọlé. Olóde ti bá báńdì dúnàá-dúrà tẹ́lẹ̀, àwọn àlejò á wá máa lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí bó bá ti kì wọ́n. Èyí ti mọ́ wa lára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lójú wa, ọ̀fẹ́ ni orin, oríkì la máa ń rà. Ó sì ti mọ́ ọ̀gá báńdì lára pé kò sóhun tó kàn án kan aago: bí owó bá ṣì ń rọ̀, orin kan lè gba wákàtí kan gbáko.

Òfin ti ń dá sí ọ̀rọ̀ owó fífọ́n yìí díẹ̀díẹ̀. Abala 21 nínú òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fọ́n náírà tàbí jó lé e lórí lóde. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní oṣù mẹ́fà, ìtanràn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 50,000 náírà. Adájọ́ lè fún èèyàn ní ọ̀kan tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ló ka òfin yìí sí ìwé lásán, àfìgbà tó di 2024 tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ń wọ́ àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́, tí àwọn kan sì gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n. Èmi ò rò pé òfin yìí ló máa pa fífọ́n owó run nílẹ̀ Yorùbá. Àmọ́ ọ̀gá báńdì tí ẹ̀rù ti ń bà lóde ówàḿbẹ̀ á túbọ̀ tẹ́tí sí pùròmótà tó ń bá a sọ̀rọ̀ owó ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é lóde òní yàtọ̀ sí tayé Benson, torí pé pùròmótà kì í sábà ní ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní báńdì. Ẹ wo Freedom Park l'Erékùṣù Èkó. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni tẹ́lẹ̀, kí ayàwòrán-ilé Theo Lawson tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010. Ibẹ̀ ni Adé Bantu àti Abby Ogunsanya ti bẹ̀rẹ̀ Afropolitan Vibes lọ́dún 2013, eré tó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà náà, tí ẹmu ń ṣàn níbẹ̀, tí olórin kankan kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ gbé orin tó ti gbà sílẹ̀ kó máa ya ẹnu tẹ̀ lé e.

Ohun tó mú kí irú ètò yẹn lè dúró ni báńdì onílé. Báńdì kan ṣoṣo, ìyẹn BANTU tí í ṣe báńdì Adé Bantu, ló ń lù fún gbogbo àlejò olórin tó bá gorí ìtàgé. Ẹ fọkàn bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí olórin mẹ́ta bá kó báńdì ẹlẹ́ni mẹ́wàá tiwọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ báńdì ọgbọ̀n la fẹ́ sanwó ọkọ̀ fún, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì máa tú ìlù jáàsì ká, ká tún un tò, kí àwọn èèyàn máa wo ìtàgé tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí báńdì bá ti wà nílẹ̀, olórin á kàn fi orin rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n á kọ́ ọ, òun náà á wá bá wọn dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọmọdé olórin tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fi ṣe orin rẹ̀, tí kò sì ní ọmọ báńdì kankan, lè ṣeré lójú ayé nígbà àkọ́kọ́. Ẹlòmíì máa ń gbọ̀n bí tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì bá kọ́kọ́ dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku owó. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ má kà á sí iye ọjà. Ká ní èèyàn 200 san 5,000 náírà lẹ́nu ọ̀nà: mílíọ̀nù kan nìyẹn. Ọmọ báńdì mọ́kànlá gba 40,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 440,000. Àlejò olórin gba 200,000. Ẹni tó ni sípíkà àti máìkì gba 250,000. Dísẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, 50,000. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, 60,000. Ìpolówó, 100,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di 1,100,000. Èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, gbogbo wọn ń jó, pùròmótà sì ti jẹ gbèsè 100,000.

Níbo ni owó wá wà? Inú fìríìjì ni. Bí èèyàn 200 yẹn bá mu ìgò méjì méjì, tí èrè orí ìgò kan bá jẹ́ 500 náírà, 200,000 ni, onílé ló sì máa kó gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, kí pùròmótà tó pe olórin kankan ló yẹ kó ti bá onílé jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọtí. Bí wọ́n bá pín èrè yẹn sí méjì ọgbọọgba, gbèsè ti san. Bí onílé bá sì kọ̀, kí ó wá ilé míì, ìmọ̀ràn tèmi nìyẹn. Èmi gbà pé orí ọ̀rọ̀ ọtí yìí ni ọ̀pọ̀ eré ń kú sí, kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò fẹ́ báńdì mọ́.

Lẹ́yìn owó ni ọjọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Fẹ́mi Kútì, ọmọ Fẹlá, ti ń ṣe ìdánrawò gbangba ní New Afrika Shrine n'Íkẹjà lọ́jọ́bọ̀ láìgbowó, kó wá ṣeré tí à ń sanwó fún lọ́jọ́ Sunday. Ẹni tó bá gbádùn tọ̀fẹ́ á padà wá síbi tí wọ́n ti ń gbowó, kò sì nílò ìwé ìpolówó láti mọ ọjọ́. Ọjọ́ tí kò yẹ̀ ń polówó ara rẹ̀. Ẹ fi èyí wé àjọ̀dún ọlọ́dọọdún. Felabration, tí Yẹni Kútì dá sílẹ̀ lọ́dún 1998, ń kó ayé jọ lóṣù Ọ̀wàwà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò lè bọ́ ẹni tó ń ta gìtá béèsì nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Eré kékeré tó ń wáyé léraléra ló ń bọ́ ọ. Aago náà ṣe pàtàkì. Nílùú tí àwọn èèyàn ti ń ro ti ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ padà sí Agége tàbí Ìyànà Ìpájà, bí báńdì bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, àwọn tó ní mọ́tò nìkan ló máa kù.

Ó tún ku ohùn, tí ọ̀pọ̀ ń fojú di. Gángan ló máa ń fi ọ̀rọ̀ ohùn han èèyàn jù. Bí ẹ bá gbé máìkì rẹ̀ sún mọ́ sípíkà, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á fà á wálẹ̀, onílù á wá máa lu ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Onílù á bínú, á lù ú kíkankíkan, máìkì á tún hu. Àtúnṣe rẹ̀ kò gbówó lórí: kí wọ́n yí sípíkà kúrò níwájú onílù, kí gbogbo báńdì sì dé ní ọ̀sán láti fi wákàtí méjì tún ohùn ṣe, jáàsì kọ́kọ́, lẹ́yìn náà béèsì, gìtá, dùrù, fèrè, gángan, kí ẹni tó ń kọrin ṣìkẹyìn. Pùròmótà tó bá dá wákàtí méjì yẹn sí á pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ti ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Kí eré tó dé ni pùròmótà ń san àsansílẹ̀ báńdì àti ti sípíkà, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá rà ṣáájú ló sì fi ń san án. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ rà á nígbà tí ọjọ́ ṣì jìn, ẹ má ṣe sọ pé ẹ mọ olórin kí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.