Èrò Olùkójọ Àwo Orin Gẹ́gẹ́ Bí Ẹ̀rí Ìmọ̀: Àpẹẹrẹ Àwo *My Life in the Bush of Ghosts*

Ìfáàrà

Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń gbọ́ àwo orin, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń kó o jọ. Adùn ni olùgbọ́ ń wá. Olùkójọ náà ń wá adùn, ṣùgbọ́n ó tún ń wádìí ọdún tí àwo jáde, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, àti ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀dà kan àti èkejì. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì nínú orin tí a fi ẹ̀rọ iná mànàmáná ṣe àti èyí tí olórin fi ń dán ìró tuntun wò, nítorí pé orin bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní àkọsílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè wò láti tún un kọ. Àwo tàbí fọ́nrán gan-an ni iṣẹ́ náà. Bí ó bá sọnù, orin sọnù nìyẹn. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé èrò olùkójọ lè jẹ́ ẹ̀rí fún ìmọ̀, bí a bá ya òtítọ́ inú rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́ àti iye owó.

Àwo àti Ìtàn

Ìwé púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn irú orin yìí láti ìlú Paris ní ọdún 1948, nígbà tí Pierre Schaeffer, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rédíò, gba ìró ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀, tó tò ó pọ̀, tó sì fi ṣe orin. Ṣùgbọ́n ní 1944, Halim El-Dabh, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì, ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó ń lo wáyà lọ síbi ètùtù zaar ní ìlú Cairo, ó sì fi ẹ̀rọ yí ohùn tó gbà síbẹ̀ padà di nǹkan mìíràn. Ọdún 2000 ni apá kan iṣẹ́ náà tó jáde lórí síídì. Ẹni tó gbára lé àwo tó wà lọ́jà nìkan kò lè mọ̀ pé ilẹ̀ Áfíríkà ti ṣáájú. Àìrìn jìnnà, àwọn àgbà ní, ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Àwo Kan, Ẹ̀dà Púpọ̀

Ní 1981, Brian Eno àti David Byrne gbé àwo *My Life in the Bush of Ghosts* jáde. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀, nítorí pé orúkọ ìwé ìtàn àròsọ tí Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ ni. Ọdún 1954 ni ìwé náà jáde. Nínú rẹ̀, ọmọdékùnrin kan sá wọ igbó iwin, ó sì bá iwin obìnrin kan pàdé tó ní tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́. Àwọn olórin méjèèjì kò tí ì ka ìwé náà nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo. Orúkọ rẹ̀ ni ó wù wọ́n. Wọ́n gba ohùn oníwàásù orí rédíò, ti ẹni tó ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde, àti ti akọrin obìnrin ọmọ Lẹ́bánọ́nì, wọ́n sì fi fọ́nrán pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìlù.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ní orin kan tí a pè ní “Qu’ran”, nínú èyí tí a ti ń gbọ́ ohùn àwọn Mùsùlùmí ọmọ Algeria tí wọ́n ń ké Kùránì. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀hónú hàn, a sì yọ orin náà kúrò nínú àwọn ẹ̀dà kan tó tẹ̀ lé e. Kò sí nínú ẹ̀dà ọdún 2006 pẹ̀lú.

Ìyàsọ́tọ̀ Èrò

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín ohun tí olùkójọ lè sọ nípa àwo yìí sí. Èkínní ni òtítọ́ tó ṣeé yẹ̀ wò. Bí ó bá ní “Qu’ran” wà nínú ẹ̀dà tirẹ̀, páálí àwo, bébà àárín rẹ̀, àti nọ́ńbà tí a fín sí ẹ̀gbẹ́ bébà náà lè jẹ́rìí gbè é tàbí kí wọ́n takò ó.

Èkejì ni ìdájọ́. Olùkójọ kan lè sọ pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló dára jù nítorí pé òun ló pé. Òmíràn lè sọ pé yíyọ tí a yọ orin náà ló tọ́, nítorí pé kíké Kùránì kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ijó. Kò sí nọ́ńbà ara àwo tó lè parí àríyànjiyàn yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ohùn sì ni pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni owó. Bí iye owó ẹ̀dà kan bá gbéra nítorí pé orin kan ti kúrò nínú àwọn yòókù, ọ̀wọ́n ló fà á, kì í ṣe pé orin náà dùn ju ti àná lọ.

Ìwúlò fún Olùkọ́ àti Ìgúnlẹ̀

Ìlànà yìí wúlò nínú kíláàsì Yorùbá, nítorí pé àwọn tó ń kó àwo àpàlà, sákárà àti ewì jọ wà láàárín wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ bá wọn bèèrè ìbéèrè mẹ́ta: ẹ̀dà wo nìyí? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Kí ló mú kí ẹ fẹ́ràn rẹ̀? Kí ó sì kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sí àyè tirẹ̀. Bí olùkójọ bá papò dà láìsí àkọsílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lè ta àwo náà, a sì tún lè rí irú rẹ̀ rà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tó fi ya ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì yóò bá a lọ.