Orúkọ Rere Lórí Ayélujára: Ìmọ̀ràn fún Àwọn DJ

Ní Emure-Ilé, lójú ọ̀nà tí ó ti Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, bí ó ti rí ní gbogbo ìlú agbègbè náà, kò sí ìgbéyàwó, ìkómọjáde tàbí ìsìnkú àgbà tí orin kì í sí níbẹ̀. Láyé àtijọ́, onílù nìkan ni olóde ń ránṣẹ́ sí. Lónìí, ọ̀pọ̀ olóde a máa pe DJ pẹ̀lú, èyíinì ni ẹni tí ń fi ẹ̀rọ àti sípíkà ńlá da orin pọ̀ mọ́ orin kí àwọn àlejò lè jó. Iṣẹ́ gidi ni èyí. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó gbọ́ orin DJ ní òde kan ni yóò ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ọmọ olóòkú tí ó wà l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òun gan-an yóò san owó, a kọ́kọ́ wo orí fóònù rẹ̀. Bí kò bá rí orúkọ DJ náà, tàbí tí ó rí orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, yóò pe ẹlòmíràn, ìbáà ṣe pé ọwọ́ ẹni tí ó wà nílé dá ju ti ẹni tí ó pè lọ. Báyìí ni iṣẹ́ fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí wọ́n ti ṣáájú. DJ Jimmy Jatt, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oluwaforijimi Amu, ti gbajúmọ̀ l'Ékòó kí ayélujára tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2007 ni ó gbé àwo orin The Definition jáde. DJ Spinall, èyíinì ni Oluseye Desmond Sodamola, mú fìlà ṣe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀. Fìlà ni a fi ń dá a mọ̀ nínú àwòrán, fìlà náà ni ó sì fi sọ ilé-iṣẹ́ orin rẹ̀ lórúkọ, TheCAP Music. Láàrín ọdún 2015 sí 2018, ó gbé àwo orin mẹ́rin jáde. DJ Cuppy, Florence Otedola, yan àwọ̀ pínǹkì. Ní ọdún 2020 ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò Africa Now lórí rédíò Apple Music. Òtítọ́ ni pé ọmọ olówó ni Cuppy, ṣùgbọ́n fìlà kò wọ́n. Ohun kan ni olúkúlùkù yàn, wọn kò sì fi í sílẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí DJ tó yan orúkọ, kí ó wá a kiri lórí Instagram, YouTube àti Audiomack, bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, kí ó lo orúkọ kan náà, àwòrán kan náà àti nọ́ńbà fóònù kan náà níbi gbogbo. Bí iṣẹ́ bá ń gbòòrò, ó lè fi orúkọ okòwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, kí ó lè fi orúkọ náà ṣí àkáǹtì ní báńkì.

Kò yẹ kí ó máa fi àwòrán ara rẹ̀ nìkan hàn. Fídíò ìṣẹ́jú kan, níbi tí àwọn ìyá ti ń jó tí orin kan sì wọnú èkejì láìkọsẹ̀, sọ̀rọ̀ ju ogún àwòrán lọ. Kí ó gba àṣẹ olóde kí ó tó gbé e jáde.

Orin tí DJ ń lò, ti ẹlòmíràn ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2023, dáàbò bo àwọn tí ó ni ín. YouTube ní ẹ̀rọ tí ń dá orin mọ̀. Ó lè pa fídíò mọ́, tàbí kí ó darí owó ìpolówó sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni orin. Mixcloud, tí a dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2008, bá àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ni ẹ̀tọ́ orin ṣe àdéhùn lórí irú àdàpọ̀ orin bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó yẹ fún DJ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń ta ọmọlẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọmọlẹ́yìn èké kò lè pe ènìyàn sí òde kan ṣoṣo. Ẹ ṣọ́ra fún olè pẹ̀lú: kí DJ tan ààbò onípele méjì sórí ojú-ewé rẹ̀, kí ó má sì ka kódù tí ó wá sórí fóònù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bí ó tilẹ̀ pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ Instagram. Ẹni tí ó gba ojú-ewé náà lè fi orúkọ DJ gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, orúkọ tí a fi ọdún márùn-ún kọ́ yóò sì bàjẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ní ìparí, ayélujára kò lè bo ìwà mọ́lẹ̀. DJ tí ó pẹ́ dé òde, tàbí tí ó gba owó tí kò yọjú, yóò rí ẹ̀sùn rẹ̀ lójú-ewé kan náà tí ó fi ń yin ara rẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.